Ọkọ̀ Tí Wọ́n Pín Sí Ìdí-Igi Méjì

Bàámi, ẹni tí mo jọ létí tí n kò jọ lọ́wọ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, lórí àga yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Mo ti ki páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni. Ìyá Bùnmi, aya mi, ń gún iyán lẹ́yìnkùlé, ó sì rò pé ìwé ìpàdé àwọn alàgbà ìjọ ni mò ń kọ. Ẹ jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin kò gbọdọ̀ jókòó máa kọ lẹ́tà sí òkú, pàápàá tó bá jẹ́ pé owú ló fẹ́ wá rò.

Owú ni, Bàámi. Mò ń jowú Délé àbúrò mi. Ó ti wà lára mi láti ìgbà tí ó ti ń rá kòrò, ẹ̀yin náà sì mọ̀, àbí ẹ kò mọ̀? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, owú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ rì wá sómi, àwa ọmọ yín méjèèjì. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà nídìí rẹ̀ àfi Délé, Délé kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìlú wá ń sọ pé òun ni kò mọ iṣẹ́. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bi ara mi bóyá n ó lè la ẹnu mi jẹ́wọ́, tàbí n ó jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Délé ti padà wálé pátápátá. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ń ṣe ní Wàrì. Irun orí rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ, inú mi sì dùn sí ìyẹn díẹ̀. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nílé tó fi wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi.

“Ẹ̀gbọ́n, mo wá tọrọ igi ọkọ̀ Bàámi.”

Ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe pín ọkọ̀ yín. Lẹ́yìn tí a sin yín, àwọn àgbà ẹbí jókòó, wọ́n pín gbogbo ohun tí ẹ fi sílẹ̀ sí ìdí-igi méjì: ìdí ìyá tèmi, àti ìdí Ìyá kékeré tó bí Délé. Ilé rọrùn, oko obì rọrùn. Nígbà tó kan ọkọ̀, ẹnu wọn wọhò. Ọkọ̀ kan ṣoṣo, ìdí-igi méjì. Ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí nígbà náà wá là á: kí ìdí-igi tiwa mú igi ọkọ̀, ìyẹn ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kí ìdí-igi Ìyá kékeré mú òpó, aṣọ ìgbòkun àti gbogbo okùn. Bàámi, ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tilẹ̀ yìn ín pé ó mọ ẹjọ́ dá. Èmi ni àkọ́bí. Bí mo bá ti ní kí Délé kó gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, mo sì mọ̀ pé òun ni ẹ kọ́ ní ìtọ́kọ̀. Mo dákẹ́. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ó má rí i gbé lódindi, bí èmi náà kò tilẹ̀ ní í lò ó.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ọkọ̀ yín fi dojú dé lẹ́yìn ilé ìdáná mi. Adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Ìyá Bùnmi ń sá èlùbọ́ lé e lórí. Èmi ń fi ọ̀dà kùn ún lọ́dọọdún, nítorí ìbẹ̀rù ikán kì í jẹ́ kí n sùn. Aṣọ ìgbòkun wà lókè àjà Ìyá kékeré, eku ń bímọ sínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí irú ọgbọ́n tí a gbọ́n?

Mo máa ń rántí yín nínú ọkọ̀ yẹn ju ibikíbi mìíràn lọ. Nígbà tí ẹ fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀ létí omi l'Ékòó tí ẹ padà wálé, ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sé odò wa ni, omi sì ti bo ọ̀nà oko mọ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn fi yín ṣẹ̀sín pé ẹ ń kan ọkọ̀ onígbòkun láàárín òkè Ìgbómìnà. Nígbà tó yá, àwọn náà ló ń tò sétí omi kí ẹ gbé iṣu wọn kọjá. Ẹ máa ń fi ìka sẹ́nu, ẹ ó nà án sókè kí ẹ mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ẹ máa ń bọ́ fìlà, ẹ ó jókòó lé e kó má bàa fò lọ. Ẹ máa ń wú ikọ́ kékeré kan kí ẹ tó yí ọkọ̀ padà, àwa tí a mọ̀ yín a sì ti tẹrí ba kí igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun má gbá wa lórí. Mo ṣì ń tẹrí ba, Bàámi, bí ẹnikẹ́ni bá wú irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọwọ́ Mi ni ẹ ń pe Délé. Akọ̀wé ni ẹ ń pè mí, nítorí pé mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ṣé oríyìn ni, àbí ẹ̀fẹ̀ ni? Ènìyàn lè lé akọ̀wé lọ kó gba òmíràn. Ta ló ń gba ọwọ́ mìíràn?

Mo mọ ọjọ́ tí mo pàdánù yín. Mo wálé fún ìsinmi, Délé jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. A kó obìnrin mẹ́ta àti agbọ̀n ata sọ́kọ̀, ìjì sì dìde láti ọ̀nà Ìsánlú-Ìsin. Ẹ kígbe pé kí n lọ sọ ìgbòkun kalẹ̀. Ní ayé ìgbà yẹn, ìdí òpó láàárín ọkọ̀ ni wọ́n so okùn rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tú u gbọ́dọ̀ dìde, kó rìn lórí ohun tó ń mì. Mo dìde. Mo rìn débẹ̀. Mo dì mọ́ òpó bí ọmọ tó dì mọ́ ìyá rẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ fún un ní abẹ́rẹ́, n kò sì lè gbé ọwọ́ kan kúrò. Délé ló rá kọjá láàárín ẹsẹ̀ àwọn obìnrin, tó tú okùn náà. Agbọ̀n ata kan bómi lọ, kò sí ohun mìíràn. Ẹ kò bá mi wí. Bí a ti délé, ẹ yọ orí ẹja nínú ọbẹ̀ yín, ẹ gbé e sínú àwo Délé. N kò wọ ọkọ̀ náà mọ́ títí ẹ fi kú. Ẹ kò sì bi mí ìdí rẹ̀ rí. Kí ló dé tí ẹ kò bi mí?

Ẹ ó wá mọ irú ọkàn tí mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ Délé nígbà tó wá tọrọ igi ọkọ̀. Ó ní ọ̀gbàrá ti gbé afárá oko lọ, pé àwọn obìnrin tó wà lódì kejì omi ń gba Àrán-Ọ̀rin yí ká kí wọ́n tó gbé tòmátì dé ọjà Omù-Àrán, ó sì ti ń jẹrà lórí wọn.

Mo ní, “Tó o bá wá kú sínú omi ńkọ́? Kí ni n ó sọ fáyé?”

“Ẹ̀gbọ́n, ogójì ọdún ni mo lò lójú omi.”

“Òkun ló mọ̀ ẹ́. Omi tiwa yìí kò mọ̀ ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ tó ń rùn ni mo sọ, ó sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó kí mi, ó lọ. Ìyá Bùnmi, tó ti ń gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà, jáde sí mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. “Bàbá Bùnmi, ṣé inú igi yẹn lẹ fẹ́ ká sin yín sí ni? Ẹ tètè sọ o, ká má lọ máa ra pósí.”

Ìtìjú ló jẹ́ kí n ránṣẹ́ pe Délé padà. Ṣùgbọ́n mo fi ẹ̀gún sínú ẹ̀bùn náà. Mo ní n ó gbé igi ọkọ̀ fún un bí kò bá ní í sí ẹni tí yóò dìde dúró nínú rẹ̀ láéláé. Ibi tí atọ́kọ̀ bá jókòó sí ni gbogbo okùn gbọ́dọ̀ wá bá a. Mo rò pé kò ṣeé ṣe. Mo rò pé yóò pòṣé, kó sì lọ. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ohun tó ti wà lọ́kàn tèmi náà nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n.”

Abẹ́ máńgòrò mi ló ti ṣe é. Ó gbé ọkọ̀ náà lé orí búlọ́ọ̀kù, ó ri òpó mọ́ inú rẹ̀, ó ta aṣọ ìgbòkun tuntun lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀gá tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ Délé láti kékeré, yọrí lójú fèrèsé. “Nóà! Nóà! Òjò kò tíì ṣú o!” Délé dá a lóhùn pé, “Tó bá ṣú, ìwọ nìkan ni n kò ní jẹ́ kó wọlé. Mo ti ní ewúrẹ́ tó.” Gbogbo àdúgbò ń rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún ni mo ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gá tíṣà, kò bá mi ṣe irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Iṣẹ́ náà dára, Bàámi, kí n má parọ́. Ó de púlì irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi kànga mọ́ ẹsẹ̀ òpó. Okùn tó ń fa ìgbòkun gòkè gba inú púlì yìí, ó sì wá sẹ́yìn títí dé iwájú àga atọ́kọ̀. Ó fi èkejì sí i tó ń fa ìgbòkun wálẹ̀, nítorí pé aṣọ tí atẹ́gùn bá ti kún inú rẹ̀ kì í fẹ́ sọ̀ fúnra rẹ̀. Ó fi ẹ̀kẹta sí i tí a fi ń ká ìgbòkun kù sí ìdajì bí atẹ́gùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó rán òwú pupa mọ́ okùn àkọ́kọ́, òwú aró mọ́ èkejì, ó fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ ní funfun. Ó gbẹ́ ìwo igi mẹ́ta síwájú àga náà, ara wọn ni à ń wé okùn mọ́. Ó ní kí n jókòó kí n dán an wò. Mo jókòó, mo fà á, ìgbòkun gòkè. Mo tú okùn pupa, mo fa ti aró, ó sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́ sórí itan mi. N kò gbé ìdí nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èmi fi ẹnu mi sọ ló di ohun tí mò ń fọwọ́ kàn yẹn, ṣùgbọ́n Délé ni gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́ fún.

Nígbà tí mo fẹ́ so okùn náà padà, mo ta á ní kókó. Délé rí i. “Rárá o, Ẹ̀gbọ́n! Okùn ọkọ̀ kì í ṣe okùn ewúrẹ́. A kì í ta á ní kókó, wíwé la ń wé e, kó lè tú lẹ́ẹ̀kan náà.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, nígbà tó ku ọ̀la tí a ó gbé ọkọ̀ sómi, tí Délé sì wà ní Omù-Àrán, mo lọ yẹ ọkọ̀ náà wò létí omi tí wọ́n gbé e sí. Àwọn okùn wà níbẹ̀ bó ṣe wé wọn, wọ́n rọra dùbúlẹ̀ bí ejò tó sùn. Kí ló di okùn yìí mú? Bó bá yọ̀ ńkọ́, tí igi ìgbòkun wó lu ẹnì kan lórí? Mo ta okùn pupa ní kókó kan. Mo ta á ní kókó kejì lé e. Mo fi ẹsẹ̀ tì í, mo fà á kó le. Mo fẹ́ sọ fún yín pé àníyàn nìkan ni. Àmọ́ mo ti gbọ́ ohun tó sọ, Bàámi. Apá kan nínú mi fẹ́ kí ohun kan nínú ọkọ̀ yẹn rí bí èmi ṣe fẹ́ ẹ.

Òjò rọ̀ sórí kókó náà mọ́jú, ó sì mú un le sí i. Lọ́jọ́ Sátidé, èrò pé sétí omi, Pásítọ̀ gbàdúrà, Délé na ọwọ́ sí mi. “Ẹ wọlé, Ẹ̀gbọ́n, àwa méjì la máa kọ́kọ́ lọ.” Kí ẹlòmíràn má bàa jókòó síbẹ̀ ni mo ṣe wọlé. Ìgbòkun ti wà lókè láti ìgbà tó ti dán an wò lórí ilẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, òun ló sì jẹ́ kí ó má fọwọ́ kan okùn pupa títí a fi dé àárín omi. Ibẹ̀ ni ìjì ti ká wa mọ́. Ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi ń dà wọlé, atẹ́gùn sì ń gbá wa lọ sí ibi tí àwọn kùkùté igi àtijọ́ ti yọrí nínú omi. Délé na ọwọ́ sí okùn pupa. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí kókó náà. Ó ti mọ kókó mi láti kékeré, òun náà ló ń tú u lọ́rùn ewúrẹ́ ìyá mi. Ó wò mí, kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé okùn náà. Ìgbòkun wó bò wá. A fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ padà sétí omi.

Wọ́n ń bi í, “Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Ó ní, “Okùn ló há.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Àfúsá, ẹni tó ní tòmátì tó pọ̀ jù lódì kejì, tó ti yí ká wá wòran, gbé agbọ̀n òfìfo rẹ̀ lérí. “Èmi ó máa fẹsẹ̀ mi rìn ní tèmi o. Ẹsẹ̀ kì í há.” Gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ yẹn, Délé ń jókòó sínú ọkọ̀ láràárọ̀, kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́. Mo ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń gbọ́ ọ nídìí ẹlẹ́ran: ogójì ọdún lórí omi, okùn lásán kò mọ̀ ọ́n so. Èmi tí mo ti fẹ́ kí wọ́n sọ irú rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, ó wá korò lẹ́nu mi. Mo sì tún ń jowú rẹ̀ lórí èyí náà. Bó bá jẹ́ èmi ni, ṣé mo lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀ nítorí rẹ̀? Ọwọ́ yín nìkan kọ́ ló jogún. Ó jogún dídákẹ́ yín náà.

Lánàá, mo dé etí omi kí oòrùn tó mú. Àwọn obìnrin ti yí ọ̀nà ká dé, wọ́n ń sinmi lábẹ́ igi, tòmátì ń ṣomi nínú agbọ̀n. Délé wà nínú ọkọ̀. Mo ní, “Ẹ gbọ́ o. Okùn Délé kò há. Èmi ni mo ta á ní kókó lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún mi, mo sì ta á.”

Délé ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀.” Mo ní n kò ní í fi sílẹ̀.

Ìyá Àfúsá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Háà, Bàbá Bùnmi! Ẹ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kó má bàa lọ jẹ oko olóko!” Ó dìde, ó gbé agbọ̀n òfìfo méjì sọ́kọ̀, ó wá dúró. “N ó padà sódì kejì pẹ̀lú yín. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ki ọwọ́ yín méjèèjì sápò, kí n rí i.”

Bàámi, mo ki ọwọ́ méjèèjì sápò níwájú gbogbo wọn.

Atẹ́gùn rọra fẹ́, a gbé e kọjá láìséwu, kò sẹ́ni tó dìde. Nígbà tí à ń padà bọ̀, ó ku àwa méjì. Délé fi okùn aláró lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n kàn dì í mú. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí mo ti fi pamọ́ fún un láti ọjọ́ tí ẹ ti kú. Mo sọ fún un pé ní oṣù mẹ́ta tí ẹ lò kẹ́yìn, nígbà tí ojú yín kò ríran mọ́, Délé ni ẹ ń pè mí. Mo ń wẹ̀ yín, ẹ ń pè mí ní Délé. Mo ń bu ògì sí yín lẹ́nu, Délé ni ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò tún un ṣe fún yín lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí ẹ máa lọ, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní, “Délé, ṣé o ti ká ìgbòkun?” Mo ní, “Mo ti ká a, Bàámi.” Ẹ kò sọ nǹkan mìíràn mọ́.

Délé kò wò mí. Ó ń wo omi.

“Èmi náà ti ń jowú yín tipẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Ẹ ṣé gan-an tí ẹ bá mi dá Bàámi lóhùn.”

N kò ní í parọ́ fún òkú pé owú náà ti tán. Nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń yìn ín ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, ó tún ta mí lára. Ìyá Bùnmi ti ń pè mí sí iyán, ọbẹ̀ sì lè tutù. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín kí n tó dìde. Lọ́jọ́ yẹn tí mo dá yín lóhùn pé mo ti ká a, Bàámi, ṣé ẹ mọ ohùn mi?

Èmi ni, àkọ́bí yín, tí kò tíì yé fẹ́ràn yín.